Ibi Tí Okùn Ti Fẹ́lẹ́ Jù: Bí Àwa Ọ̀rẹ́ Mẹ́rin Ṣe Ṣètò Ìrìnàjò Wa sí Róòmù, Florence àti Venice

Bí àwọn ọ̀rẹ́ bá ní àwọn fẹ́ jọ lọ wo àwọn ìlú àtijọ́ lókè òkun, àwòrán ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fi ṣọwọ́ síra wọn. Ọ̀kan á fi Colosseum, pápá ìṣeré àtijọ́ ti Róòmù, ránṣẹ́, èkejì á fi ọkọ̀ ojú omi Venice ránṣẹ́, ẹ̀kẹta á ní òun ti rí òtẹ́ẹ̀lì kan téèyàn ti lè máa wo odò lójú fèrèsé. Ó máa ń dùn gan-an ni. Àmọ́ orí WhatsApp náà ni ọ̀pọ̀ irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ máa ń kú sí. Tiwa ò kú, ohun tí mo sì gbà pé ó gbà á là ni ọ̀rọ̀ tí Ẹ̀gbọ́n sọ nígbà tá a kọ́kọ́ jókòó ti ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ fi àwòrán sílẹ̀ ná. Ibo ni okùn wa ti fẹ́lẹ́ jù? Ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló máa ti já."

Àwa mẹ́rin ni. Abẹ́òkúta la ti jọ ṣe girama. Ẹ̀gbọ́n ṣíwájú wa ní kíláàsì, bẹ́ẹ̀ la sì ń pè é títí dòní. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Leeds, ó sì ti gba pásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba. Ìyá Ìbejì ń ta aṣọ l'Ékòó. Àbúrò ló kéré jù nínú wa, Manchester ló ń gbé, ṣùgbọ́n pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ló ń lò. Èmi ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan n'Íbàdàn. Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Àwa ti ṣeré kọjá ogún ọdún, ó sì wù mí gidigidi kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ owó tàbí ọ̀rọ̀ físà ló máa tú wa ká.

Nígbà tá a yẹ ara wa wò dáadáa, a rí i pé pásípọ́ọ̀tù àwa mẹ́ta, àpò àwa tí náírà ń wọlé fún, àti orúnkún Ẹ̀gbọ́n ló fẹ́lẹ́ jù. Gbogbo ètò tá a ṣe lẹ́yìn ìyẹn, orí wọn la gbé e kà.

Físà ló kọ́kọ́ dín ìlú kù fún wa. Ìyá Ìbejì fẹ́ dé Paris àti Barcelona. Àbúrò ń dárúkọ Áténì. Ẹ̀gbọ́n lè wọ gbogbo ibẹ̀ láìgba físà, torí ẹni tó bá ní pásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba lè lo 90 ọjọ́ láàárín 180 ọjọ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà. Àwa mẹ́ta yòókù gbọ́dọ̀ gba físà. Ọ̀pọ̀ èèyàn nílé rò pé ẹni tó bá ti ní ìwé ìgbélùú ní Ìlú Ọba ti bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí Àbúrò ṣe pẹ́ ní Manchester tó yẹn, ó ní láti tọrọ físà bíi tiwa. Kìkì pé ọ̀hún tó ń gbé ló ti máa tọrọ rẹ̀, kò ní wá sí Èkó.

Orílẹ̀-èdè tí ẹ máa pẹ́ sí jù lẹ máa tọrọ físà lọ́wọ́ rẹ̀. Bá a bá lọ Faransé, Sípéènì àti Ítálì pọ̀, ìwé tá a máa kó jọ á pọ̀, àlàyé á sì gùn. Bó bá jẹ́ Ítálì nìkan, ọ̀rọ̀ wa á ṣe ṣókí: ilé tá a máa sùn, rélùwéè tá a máa wọ̀, ọjọ́ tá a máa kúrò, gbogbo rẹ̀ á bára mu. Ká tiẹ̀ yọ físà kúrò, mo ṣì máa gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó mú orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Ìlú tí wọ́n ti ń kọ́ láti ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn kò ṣeé wò ní àwòkọjá. Àwọn tó ń fi ọ̀sẹ̀ kan lọ orílẹ̀-èdè márùn-ún, pápákọ̀ òfuurufú ni wọ́n mọ̀ dunjú.

Ìwé yín ò gbọ́dọ̀ wọlé ju oṣù mẹ́fà lọ ṣáájú ìrìnàjò, kò sì gbọ́dọ̀ dín sí ọjọ́ 15. Ọjọ́ 15 ni wọ́n sábà fi ń dáhùn, ó sì lè di ọjọ́ 45. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, €90 ni owó rẹ̀ fún àgbàlagbà, bí wọn ò bá sì fún yín ní físà, owó náà ti lọ nìyẹn. Ìnṣọ́ránsì ìrìnàjò gbọ́dọ̀ lè san tó €30,000. Ìwọ̀nyí rọrùn láti mọ̀. Iṣẹ́ gidi tó wà níbẹ̀ l'Ékòó ni rírí ọjọ́ tí wọ́n máa gbà yín wọlé láti fi ìwé sílẹ̀. Oṣù kẹwàá la fẹ́ lọ, nígbà tí oòrùn Ítálì ti rọ̀, tí èrò ìsinmi ọmọ iléèwé sì ti lọ, torí náà gbàrà tí oṣù mẹ́fà pé la ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọjọ́ yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ ka ọjọ́ yín sẹ́yìn látorí ọjọ́ tí ẹ máa wọ bààlúù, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún 45 yẹn.

Ẹnì kan tó ń bá èèyàn ṣe ìwé l'Ékòó sọ fún Ìyá Ìbejì pé òun lè bá a wá sítétìmẹ́ǹtì báǹkì tó máa wú wọn lórí. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má dán an wò, torí àwọn orílẹ̀-èdè Schengen jọ ń wo àkọsílẹ̀ físà kan náà ni: ohun tí Ítálì bá kọ sílẹ̀ nípa rẹ lónìí, Jámánì á rí i lọ́la. Sítétìmẹ́ǹtì ọlọ́jà, níbi tí owó ti ń wọlé tó tún ń jáde lójoojúmọ́, lè má dán lójú bíi ti òṣìṣẹ́ olówó oṣù, àmọ́ bó bá jẹ́ òótọ́, tó sì bá ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọjà náà mu, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Tiẹ̀ gan-an ló fi sílẹ̀, òun náà sì ni wọ́n fún un ní físà lé.

Ohun kan wà tó ṣòro láti dá sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n ló sì dá a sílẹ̀: bí wọ́n bá fún ẹni méjì ní físà, tí wọn ò fún ẹnì kẹta ńkọ́? Gbogbo wa dákẹ́. Lẹ́yìn náà la wá fẹnu kò pé àwọn tó rí i gbà á lọ, gbogbo owó ẹni tí kò rí i gbà tó wà nínú àpò wa á padà sọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹnikẹ́ni ò sì ní bínú. A kọ ọ́ sílẹ̀. Nítorí àdéhùn yẹn náà, kò sí èyí tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bààlúù kí físà tó jáde. Ibùsùn tí wọ́n lè dá owó rẹ̀ padà la sì ń mú.

Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí òun ló ń ba àárín ọ̀rẹ́ jẹ́ jù. Pọ́n-ùn ń wọlé fún ẹni méjì nínú wa, náírà ń wọlé fún ẹni méjì. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ sọ́wọ́ ọjà, tó sì já wálẹ̀, gbogbo ẹni tó ń fi náírà ṣètò ìrìnàjò ló mọ̀ pé iye tó tó lóṣù yìí lè má tó lóṣù tó ń bọ̀. Àjọ la dá, bí ìyá wa ṣe ń dá a, ṣùgbọ́n yúrò la ń fi í pa mọ́. Oṣooṣù ni èmi àti Ìyá Ìbejì ń ra èyí tágbára wa bá ká, ká má bàa wá ra gbogbo rẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ kan tí ojú ọjà bá le.

Kí àjọ náà tó bẹ̀rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n ní kí kálukú fi iye tí kò lè kọjá ránṣẹ́ sí òun nìkan, ní kọ̀rọ̀. Kò sọ iye tẹ́nì kankan mú wá fún ẹlòmíì, títí dòní kò tíì sọ ọ́. Èyí tó kéré jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló mú, ó ní, "Iye tá a jọ máa ná rèé." Ibùsùn, rélùwéè, owó ìwọlé, oúnjẹ tá a jọ jẹ, orí iye yẹn ni gbogbo wọn dúró lé. Ẹni tó bá fẹ́ ra bàtà aláwọ ní Florence, àpò ara rẹ̀ ni.

Àwọn kan á ní ṣebí àgbà ló ń sanwó, kí ló dé tí Ẹ̀gbọ́n tó ń gba pọ́n-ùn ò kúkú gbé bùkátà wa? Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Bí mo bá san án, ẹ ò ní lè sọ fún mi pé ibi tí mo mú ò wù yín." Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn lọ, mo ti rò ó bọ̀, òtítọ́ ni. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n bá ń sanwó fún kì í lè sọ tẹnu rẹ̀. Oúnjẹ alẹ́ kan ló fi ṣe wá lálejò, gbogbo ìyókù la dá.

Ìyá Ìbejì ló di àpò mú. Lálaalẹ́ ló ń ka ohun tá a ná fún wa, títí kan owó orí àlejò tí òtẹ́ẹ̀lì ń gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní òru kọ̀ọ̀kan, èyí tí kì í sábà sí nínú iye tí ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó àga tí ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ń gbà lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá jókòó, wọ́n ń pè é ní coperto. Ẹ kọ gbogbo ìwọ̀nyí sínú ètò yín látilé. Kọfí tí ẹ bá mu lórí ìdúró ní ẹnu káńtà sábà máa ń dín owó sí èyí tí ẹ bá jókòó mu.

Orúnkún Ẹ̀gbọ́n ló wá kọ́ wa bí ọjọ́ ṣe máa rí. Ohun ńlá kan láàárọ̀, kí ọ̀sán ṣófo. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ṣe ojú ọ̀nà àárín Róòmù, bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá tinrin ò lè gbé yín dé ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sán tó ṣófo yẹn ló sì wá dùn jù: a máa ń jókòó sí gbàgede kan, a ó bu omi nínú ẹ̀rọ omi onírin tó wà káàkiri ìgboro (ó lé ní 2,000, omi rẹ̀ tutù, ó mọ́, ọ̀fẹ́ sì ni), a ó máa sọ̀rọ̀. Kò sí ìdí tí ọ̀rẹ́ fi ní láti la òkun kọjá kí wọ́n tún wá máa sáré láti ọ̀wọ́ èrò kan bọ́ sí òmíràn.

Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọ̀nyí ló ń yan ọjọ́ fún yín, ẹ̀yin kọ́ lẹ ń yàn án. Mùsíọ́mù Vatican ń ti ilẹ̀kùn ní ọjọ́ Sunday, àfi Sunday tó gbẹ̀yìn oṣù. Uffizi àti Accademia ní Florence ń ti tiwọn ní ọjọ́ Monday. Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù, ọ̀fẹ́ ni àwọn ibi tó jẹ́ ti ìjọba Ítálì, ìdí nìyẹn tá a fi yẹra fún un: bí ọ̀fẹ́ ṣe dùn tó ni èrò ṣe ń pọ̀ tó. A kọ àwọn ọjọ́ wọ̀nyí sórí ìwé kan ná, ká tó pinnu ọjọ́ tá a máa kúrò ní ìlú kan bọ́ sí ìkejì.

Tíkẹ́ẹ̀tì Colosseum, ọjọ́ 30 ṣáájú ni wọ́n ń ṣí i sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, €18 sì ni tiwa, ó kó Forum, gbàgede àárín ìlú Róòmù àtijọ́, àti òkè Palatine tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Orúkọ ẹni ló ń wà lórí rẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin tí pásípọ́ọ̀tù yín ṣì ń jẹ́ orúkọ bàbá yín, ẹ ṣọ́ra níbí. Orúkọ ilé ọkọ ni gbogbo èèyàn mọ Ìyá Ìbejì sí, àmọ́ pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ kò tíì yí padà, torí náà ojú pásípọ́ọ̀tù ni mo ti da orúkọ gbogbo wa kọ, lẹ́tà sí lẹ́tà. Lẹ́nu géètì, a rí tọkọtaya kan níwájú wa tí orúkọ wọn ò bá tíkẹ́ẹ̀tì mu. Wọ́n fà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyàwó náà ń fi fóònù hàn, ó ń ṣàlàyé, ọkùnrin tó ń wo ìwé sì ń mi orí. A kọjá lára wọn, a ò mọ ibi tó já sí.

Ohun kan tún wà nínú ètò wa tí mo fẹ́ràn jù. Dípò ká gba amọ̀nà fún gbogbo ibi, a pín ìlú láàárín ara wa. Kálukú mú apá kan lọ kà látilé, òun ló sì máa sọ ọ́ fún àwọn yòókù bá a bá débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Ìbejì mú aṣọ àti òwò. Àbúrò mú ilé kíkọ́. Èmi mú àwọn ọmọ Áfíríkà tó ti gba ibẹ̀ kọjá, torí ó wù mí láti mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ tiwa náà wà ní ìlú wọ̀nyí.

Ó wà. Nínú Forum ní Róòmù, ẹnu-ọ̀nà ìṣẹ́gun ńlá kan dúró níbẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní ọdún 203 fún Késárì Septimius Severus. Leptis Magna ni wọ́n ti bí i, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Líbíyà lónìí. Mo ní kí wọ́n gbójú sókè wo ìwé tí wọ́n gbẹ́ sára rẹ̀. Ní ìlà kẹrin, òkúta náà yàtọ̀ díẹ̀. Wọ́n ti fá ohun kan kúrò níbẹ̀, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ mìíràn lé e. Orúkọ Geta, ọmọ rẹ̀, ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí bàbá kú, Caracalla tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n mú kí wọ́n pa Geta, ó sì ní kí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ níbi gbogbo. Ẹ̀gbọ́n béèrè pé níbo ni bàbá wọn kú sí. Mo ní York ni, ní ọdún 211. Ó kígbe! York ò jìnnà sí Leeds rárá, ó máa ń lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi, kò sì mọ̀ pé ọmọ Áfíríkà kan tó jẹ́ ọba gbogbo Róòmù ló kú síbẹ̀. Ó jókòó sórí òkúta, ó ń wo ìlà kẹrin yẹn títí tí orúnkún fi gbà á láyè láti dìde.

Lọ́jọ́ kejì, òun ló mú wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria Maggiore, níbi tí wọ́n sin Póòpù Francis sí ní 2025. Wọn kì í gbowó ìwọlé níbẹ̀, kí èjìká àti orúnkún yín ṣáà ti wà nínú aṣọ. Níbẹ̀ lèmi náà ti fi ère kan hàn wọ́n: orí ọkùnrin kan tí wọ́n fi òkúta dúdú gbẹ́, aṣọ tó rí bí àwọ̀n wà lọ́rùn rẹ̀. António Manuel Nsaku Ne Vunda ni, ikọ̀ tí Álvaro Kejì, ọba Kóńgò, rán sí Póòpù ní ọdún 1604. Ó gba Bràsíìlì kọjá, ó gba Sípéènì kọjá, nígbà tó máa fi wọ Róòmù ní oṣù kìíní ọdún 1608, àìsàn ti dá a gúnlẹ̀. Póòpù Paul Karùn-ún fúnra rẹ̀ lọ wò ó lórí ibùsùn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó kú. Àbúrò, tí físà rẹ̀ pẹ́ jù kó tó jáde nínú gbogbo wa, ló sọ pé, "Ọdún mẹ́rin lójú ọ̀nà." Kò fi kún un.

Oúnjẹ ò gba àkókò púpọ̀ lọ́wọ́ wa. Mo di ata gígún sínú ìgò kékeré. Ẹran àti wàrà ni wọn kì í jẹ́ kí ẹ gbé wọlé láti òde Yúróòpù, ata ò sí nínú ìyẹn. Bí iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ń wù yín, ọjà Esquilino kò jìnnà sí ibùdókọ̀ Termini. Ẹ máa gbọ́ Pijín-ìn níbẹ̀.

Rélùwéè tó ń sáré ń gba nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀ láti Róòmù dé Florence. Ẹni tó bá tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa ń rí i ní owó pọ́ọ́kú. Ọkọ̀ tó ń yà ní ìlú kéékèèké yàtọ̀: bí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá jẹ́ ti bébà, ẹ gbọ́dọ̀ tì í bọ ẹ̀rọ tó ń lu òǹtẹ̀ kí ẹ tó wọkọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ máa sanwó ìtanràn.

Wọ́n ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Òwe náà dáa, ṣùgbọ́n ní Florence a pinnu pé a ò ní rìn pọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Òrùlé róbótó tí Brunelleschi kọ́ sórí kàtídírà láàárín 1420 sí 1436, àtẹ̀gùn 463 ló gbé èèyàn dé orí rẹ̀, kò sí ẹ̀rọ agbéniròkè. Aago tí ẹ máa gùn ún ń wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Àbúrò ò lè ṣe kó má gùn ún; Ẹ̀gbọ́n ò lè gùn ún. Àbúrò àti èmi lọ sókè, a ń gba àárín ògiri méjì tóóró kọjá, ìgbátí òrùlé wà lápá kan, mo ń gbọ́ èémí ẹni tó wà lẹ́yìn mi. Láti ibẹ̀ ni Àbúrò ti fi hàn mí bí wọ́n ṣe to bíríkì náà, tí ọ̀kan dùbúlẹ̀ tí èkejì dúró, kí òrùlé náà lè máa gbé ara rẹ̀ dúró bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ lọ, láìsí igi ńlá tó gbé e láti ìsàlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n àti Ìyá Ìbejì wà nílẹ̀, wọ́n ń gbádùn tiwọn. Nígbà tá a sọ̀ kalẹ̀, Ìyá Ìbejì ti ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ó ní, "Ẹ mọ àwọn tó ń bójú tó ilé tí ẹ gùn yìí? Àwọn oníṣòwò aṣọ ni!" Bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́: ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣòwò aṣọ onírun àgùntàn, Arte della Lana, ni wọ́n fi iṣẹ́ kíkọ́ kàtídírà náà sí lọ́wọ́ láti ọdún 1331. Inú rẹ̀ dùn bíi pé àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní ọjà Balógun ló kọ́ ọ. Kí ọ̀rẹ́ pín sọ́nà méjì láàárọ̀, kí wọ́n sì pàdé lọ́sàn-án pẹ̀lú ìròyìn, ó ń mú kí ìrìnàjò dùn sí i. Bí Ẹ̀gbọ́n bá fi ìtìjú tẹ̀ lé wa gùn ún, ó dá mi lójú pé ìyókù ọjọ́ náà ì bá bàjẹ́.

Venice ló ń dán ẹrù èèyàn wò. Bí ẹ bá jáde ní ibùdókọ̀ Santa Lucia, omi ni ẹ máa rí níwájú yín, kò sí takisí onítáyà. Afárá ìlú náà lé ní 400, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní àtẹ̀gùn. Àdéhùn wa látilé ni pé kí kálukú di báàgì tí òun nìkan lè gbé gun àtẹ̀gùn. Mestre la sùn, lórí ilẹ̀ gidi, torí owó ibùsùn dín níbẹ̀, rélùwéè sì ń gbé èèyàn wọ Venice láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ìgbà ọ̀gbàrá òkun ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá. Ní 2019 omi ibẹ̀ ga dé 187 sẹ̀ǹtímítà, àmọ́ láti 2020 ni wọ́n ti ń gbé àwọn ilẹ̀kùn irin MOSE dìde láti ìsàlẹ̀ omi bí ìkún bá ń bọ̀.

Gbogbo èèyàn ló ń bẹ̀rù owó gondola. Ìlú ló ti dá iye rẹ̀: €90 fún ìṣẹ́jú 30 ní ojúmọmọ. Ọkọ̀ lẹ ń san án fún, kì í ṣe orí, ọkọ̀ kan sì lè gba ẹni márùn-ún. Ìyá Ìbejì fẹ́ ná an, mo ní kó fi sílẹ̀. Ó pín in sí mẹ́rin, ó ní, "€22 ààbọ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ." Gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́, ọ̀kan lára àwọn ibi tí iye wa ti ṣe wá láǹfààní nìyẹn.

Ohun tó wúwo jù lọ́kàn mi nínú gbogbo ìrìnàjò náà wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì Frari. Gbogbo èèyàn ń lọ síbẹ̀ torí àwòrán ńlá tí Titian yà síwájú pẹpẹ ní 1518, ó sì yẹ kí ẹ wò ó. Àmọ́ lára ògiri kan, ibojì Giovanni Pesaro wà níbẹ̀, ẹni tó jẹ́ Doge, ìyẹn olórí ìlú Venice, ti ọdún 1669. Àwọn ọkùnrin dúdú mẹ́rin, tí wọ́n tóbi ju èèyàn lọ, ló fi èjìká ru gbogbo òkè rẹ̀. Òkúta funfun ni wọ́n fi ṣe aṣọ wọn, òkúta dúdú ni wọ́n fi ṣe ara wọn. Aṣọ náà ti ya, ẹni tó gbẹ́ ère náà sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí dúdú orúnkún wọn yọ níbi tó ya. Mo ti kà nípa rẹ̀ n'Íbàdàn, mo ti rí àwòrán rẹ̀, mo rò pé mo ti múra sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí mo kà fún wọn, ohùn mi ò jáde. Ìyá Ìbejì tó jẹ́ aláṣọ ló tọ́ka sí ibi tó ya, ó ní, "Ẹni tó gbẹ́ ẹ rí wọn." Ó tún un sọ: "Ó rí wọn o. Kò sẹ́ni tó lè gbẹ́ èyí láìrí wọn." Ẹ̀gbọ́n béèrè orúkọ wọn. Kò sí orúkọ. Orúkọ Doge ló wà níbẹ̀, gàdàgbà.

Mi ò bá tí mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀ ká ní a ò pín ìwé kíkà láàárín ara wa. Èrò ń kọjá níwájú wọn, ojú gbogbo wọn wà níbi àwòrán Titian.

Kí a tó pín yà, Ìyá Ìbejì ka ìṣirò àpò wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Owó díẹ̀ ṣẹ́ kù. Dípò ká pín in, a fi í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ àjọ tuntun. Àbúrò fẹ́ Fez. Èmi àti Ìyá Ìbejì ń fa Salvador ní Bràsíìlì, ìlú tí ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ́ àdúgbò Àgùdà l'Ékòó ti padà wá. A ò tíì fẹnu kò. Ẹ̀gbọ́n ò nílò físà fún Bràsíìlì, àwa nílò rẹ̀, mo sì ti ń wo ohun tí wọ́n ń béèrè. Ohun tí òun béèrè ní tiẹ̀ ni bóyá òkè pọ̀ níbẹ̀. Mo ti wò ó: ìlú náà pín sí òkè àti ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ agbéniròkè kan tí wọ́n ń pè ní Elevador Lacerda ló sì ń gbé èèyàn láti ìsàlẹ̀ dé òkè láti ọdún 1873.